Èrò òǹkàwé lórí kọ́míìkì tuntun: ojú ìwé wo, àpótí wo, ọwọ́ ta ni?

Ọjọ́rú ni kọ́míìkì tuntun máa ń dé ṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà. DC, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ Batman jáde, yà kúrò nínú àṣà yìí ní 2020, nígbà tí wọ́n kó ọjà wọn kúrò lọ́wọ́ Diamond tó ń bá wọn pín in kiri, tí wọ́n sì sọ ọjọ́ tiwọn di Ìṣẹ́gun. Ní oṣù Keje 2024 wọ́n tún padà sí Ọjọ́rú. Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́, èrò àwọn tó ti kà á ti kún ilẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló rí báyìí: "Àwòrán rẹ̀ dùn ún wò, ìtàn rẹ̀ ń falẹ̀ díẹ̀, mo fún un ní 7 nínú 10." Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fi dọ́là 4 tàbí 5 ra ìwé náà kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán ọ̀hún náà kò rí. Àwòrán wo ló dùn ún wò? Ojú ìwé wo ni ìtàn ti ń falẹ̀, kí sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tó fi falẹ̀?

Èrò tó wúlò máa ń nàka sí nǹkan. Ó ń sọ ojú ìwé, ó ń sọ àpótí àwòrán (ìyẹn ààlà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ya àwòrán sí lójú ìwé), ó sì mọ ọwọ́ tó ṣe é. Bí a ṣe ń kọ irú èrò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ tò síbí, pàápàá fún àwa tí à ń ka kọ́míìkì tí Yorùbá wà nínú rẹ̀, torí ohun tí àwa nìkan lè rí pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó. Oníṣọ́ọ̀bù kọ́míìkì ní Amẹ́ríkà ń ra ọjà rẹ̀ pátápátá ni: èyí tí kò bá tà, ọrùn rẹ̀ ló wà, kò sí pé ó ń dá a padà. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ iye ẹ̀dà tó fẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 kí ìwé tó jáde. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Tí nọ́ńbà 1, ìyẹn apá àkọ́kọ́ ìtàn kan, bá jáde lónìí, tí nọ́ńbà 2 yóò sì jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ọ̀sẹ̀ 1 péré ló kù fún oníṣọ́ọ̀bù láti gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ kó tó pinnu bóyá ẹ̀dà 10 ni òun máa gbà tàbí 40. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ìwé fi máa ń bẹ òǹkàwé pé kó tètè sọ̀rọ̀, kó sì sọ ọ́ létí oníṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ yẹn bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ kò lè yí iye ẹ̀dà nọ́ńbà 2 padà mọ́.

Ó sì ti pẹ́ tí ohùn òǹkàwé ti ń yí nǹkan padà nínú iṣẹ́ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Julius Schwartz, olóòtú ní DC, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àdírẹ́sì àwọn tó kọ lẹ́tà sí i síta pẹ̀lú lẹ́tà wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òǹkàwé ṣe mọ ara wọn, tí wọ́n ń kọ̀wé síra wọn. Roy Thomas wà lára àwọn tó máa ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Marvel, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì tó ń bá DC díje, gbà á síṣẹ́ ní 1965, nígbà tó sì di 1972, òun ló gba ipò olóòtú àgbà lọ́wọ́ Stan Lee. Ní 1988, DC ní kí àwọn òǹkàwé Batman fi tẹlifóònù dìbò lórí Jason Todd, Robin (igbákejì Batman) ìgbà náà: ṣé kó kú ni àbí kó yè? 50 sẹ́ǹtì ni wọ́n ń san fún ìpè kan. Ìpè 5,343 ní kó kú, 5,271 ní kó yè. Ìbò 72 ló pa á. Ní Japan, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Shonen Jump máa ń fi káàdì sínú ìwé kí òǹkàwé lè yan ìtàn 3 tó wù ú jù nínú ẹ̀dà yẹn. Ìtàn tó bá ń wà nísàlẹ̀ léraléra, wọ́n á gé e dúró.

Ṣùgbọ́n ìbò kì í sọ ìdí, máàkì kì í sì í sọ ọ́. Ìdí ni olóòtú ń wá.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ kà á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ibi tí ojú yín bá ti kọsẹ̀, tí ẹ ní láti padà sẹ́yìn kó tó yé yín, ẹ fi sọ́kàn. Lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ mú bírò. Nọ́ńbà kan lóde òní sábà máa ń ní ojú ìwé ìtàn 20 sí 22. Tí àpótí 5 bá wà lójú ìwé kan, nǹkan bí 100 àpótí lẹ ń wò yẹn, kò pọ̀ jù láti yẹ̀ wò. Ẹ padà síbi tí ojú ti kọsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta lẹ máa bá níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì nínú àpótí 2 ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún nínú àpótí 3, bẹ́ẹ̀ a kò rí i kó rìn. Ó lè jẹ́ pé ìtàn ti ṣí kúrò láàfin bọ́ sínú igbó, ṣùgbọ́n ojú èèyàn nìkan ni wọ́n ń yà gbàǹgbà, kò sí àwòrán gbogboogbò kan tó fi hàn wá pé ibòmíì la wà. Tàbí kó jẹ́ pé bàlúùnù ọ̀rọ̀, ìyẹn róbótó tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn sí, ni wọ́n tò síbi tí kò yẹ. Méjì àkọ́kọ́, ayàwòrán ló ni ín, nígbà míì òǹkọ̀wé pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, n óò padà wá sórí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ohun tí ẹ fi kà á: bébà ni, tábúlẹ́ẹ̀tì ni, àbí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Kọ́míìkì Amẹ́ríkà lórí bébà fẹ̀ tó íǹṣì 6⅝, ó ga tó íǹṣì 10¼. Ojú ìwé 1 máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún, torí náà gbogbo nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba wà lọ́wọ́ òsì. Ohun ìyàlẹ́nu gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òsì yìí, ojú ìwé 8 tàbí 14, kí òǹkàwé má lè rí i àfi tó bá ṣí ewé. Tí wọ́n bá gbé e sójú ìwé 15, nígbà tí ẹ ṣì ń ka 14 lójú yín ti rí òkú tó wà nílẹ̀ lápá ọ̀tún, ìyàlẹ́nu ti tán. Kí ẹ tó dá ayàwòrán lẹ́bi, ẹ ka iye ìpolówó tí wọ́n fi sáàárín: ewé ìpolówó tó ní ojú kan péré máa ń ti gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sí apá kejì. Lórí fóònù tó ń fi àpótí hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètò yìí kò sí rárá, àwòrán ńlá tó gba ojú ìwé 2 àti 3 pọ̀ á sì di bíńtín. Ẹni tó kà á lórí fóònù, tó wá kọ̀wé pé ogun ojú ìwé 2 àti 3 kò ní agbára, fóònù rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìwé kọ́míìkì dà bí agbo dùndún. Ẹni tí etí rẹ̀ kò mọ ìlù á máa yin ìyáàlù fún ohun tí gúdúgúdú ṣe. Ẹ wo ojú ìwé tí orúkọ wọn wà: òǹkọ̀wé, ẹni tó fi pẹ́ńsù yà á, ẹni tó fi yíǹkì tẹ̀ lé e, ẹni tó kùn ún, ẹni tó to lẹ́tà, olóòtú. Èèyàn kan lè ṣe méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹni tó ya èèpo ìwé sábà máa ń yàtọ̀ sí ẹni tó ya inú rẹ̀, nọ́ńbà 1 sì lè ní èèpo 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèpo míì wà tó jẹ́ pé oníṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ra ẹ̀dà 25 lásán kó tó lè rí ẹyọ kan gbà. Ọgbọ́n ọjà nìyẹn. Kò kan ohun tó wà nínú ìwé, kò sì yẹ kó gba ìlà tó ju ẹyọ kan lọ nínú èrò yín.

Tí ẹ bá rí i pé ojú àwọn èèyàn inú ìtàn yí padà ní ìdajì ìwé, tí imú akọni fẹ̀ lójijì láti ojú ìwé 13 lọ, ẹ padà lọ wo àwọn orúkọ: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayàwòrán méjì. Ìwé tó ń jáde lóṣooṣù ń fẹ́ nǹkan bí ojú ìwé kan lójúmọ́ lọ́wọ́ ayàwòrán kan. Tí àìsàn bá dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á wá ẹlòmíì. Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ni bóyá wọ́n fi ọgbọ́n pín in, bíi kí ẹnì kejì ya ìran ìgbà àtijọ́ nìkan, tàbí wọ́n kàn gé e láàárín ìjà.

Àwọ̀ ní wàhálà tiẹ̀ fún àwọ̀ ara wa. Yíǹkì mẹ́rin ni wọ́n fi ń tẹ̀wé: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú kan lè tó 100%. Tí àpapọ̀ wọn bá kọjá nǹkan bí 300% lójú kan, bébà kò gbé e mọ́, ó di ẹrẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀, bébà kì í tàn, nítorí náà ohun tó mọ́ kedere lójú ẹni tó kùn ún máa ń ṣókùnkùn sí i tó bá jáde nínú ẹ̀rọ. Ìran alẹ́ ló ń fara gbá a jù: wọ́n á fi búráwùn kan ṣoṣo kun ara èèyàn dúdú, wọ́n á da búlúù alẹ́ lé e lórí, gbogbo rẹ̀ á di eérú, ojú àti ètè á pòórá. Ẹni tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí pupa àti ọsàn díẹ̀ wà níbi tí iná fìtílà ti bà á lẹ́rẹ̀kẹ́, á fi ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín sí etí agbárí, á sì jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fúyẹ́ ju ara rẹ̀ lọ, tàbí kó ṣú jù ú lọ dáadáa.

Ọ̀nà kan wà tí òǹkàwé fi lè dán an wò fúnra rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà, kí ẹ yọ àwọ̀ kúrò lára fọ́tò kó di dúdú àti funfun. Tí orí akọni bá yọ kúrò lára ògiri, iṣẹ́ dára, kódà tí àwọ̀ tí wọ́n yàn kò bá wù yín. Tí orí àti ògiri bá di nǹkan kan náà, ẹ ti rí ẹ̀bi náà, ẹ sì lè tọ́ka sí i. Àmọ́ tí ẹ bá rí òjìji búlúù tàbí pupa létí gbogbo lẹ́tà dúdú, ẹ má fi kan ẹni tó kùn ún. Bí lẹ́tà bá jẹ́ yíǹkì dúdú nìkan, kò sí bí òjìji á ṣe wà. Tí wọ́n bá fi yíǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ ẹ́, tí bébà wá sún díẹ̀ nínú ẹ̀rọ, òjìji á yọ. Ẹ wo ẹ̀dà míì ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí máàkì. Nọ́ńbà 1 jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 5 tàbí 6, torí iye yẹn ni wọ́n sábà máa ń kó pọ̀ di ìwé kan. Ẹ má retí ìparí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀tọ́ láti retí nǹkan mẹ́ta: kí a mọ ta ni akọni, kí a mọ ohun tó ń wá, kí a sì mọ ohun tó dí i lọ́nà. Tí ojú ìwé 20 bá parí láìsí ìkejì, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sì rí i pé máàkì nọ́ńbà 12 ga ju ti nọ́ńbà 2 lọ, ẹ rọra. Àwọn tí ìwé náà kò dùn mọ́ ti pa á tì láti nọ́ńbà 4, wọn kò sí níbẹ̀ mọ́ láti fún un ní 5. Àwọn tó kù, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí máàkì bá ń gòkè, kò fi dandan jẹ́ pé iṣẹ́ ń dára sí i.

Lẹ́tà ló wá kù, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í dárúkọ ẹni tó to lẹ́tà rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú ojú wa lọ́wọ́ láti òkè ojú ìwé dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè lápá òsì. Bí ayàwòrán bá ti ya ẹni tó ń dáhùn sápá òsì, ìrù bàlúùnù méjèèjì (ṣóńṣó tó ń nàka sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀) á kọjá lórí ara wọn, kò sì sí bí ẹni tó ń to lẹ́tà á ṣe yọ ọ́. Ẹ̀bi ayàwòrán nìyẹn, kò kan ẹni tó to lẹ́tà. Ìrù bàlúùnù gbọ́dọ̀ dojú kọ ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe àyà rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fara kàn án. Láàárín ọ̀rọ̀ àti etí bàlúùnù, ó kéré tán kí àyè lẹ́tà kan wà. Ọ̀rọ̀ 25 nínú bàlúùnù kan ti pọ̀ tó, 35 nínú àpótí kan náà ti pọ̀ tó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í sin sábẹ́ ọ̀rọ̀.

Tó bá wá di Yorùbá, iṣẹ́ yìí le sí i. Lẹ́tà ńlá nìkan ni fọ́ǹtì kọ́míìkì púpọ̀ ní, ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe é. Lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun kan lókè, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan nísàlẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń fún ìlà mọ́ ara wọn, lẹ́tà póìǹtì 8 (póìǹtì ni wọ́n fi ń wọn lẹ́tà) lórí àyè póìǹtì 8.5 tàbí 9. Ẹ gbé Yorùbá síbẹ̀: àmì ohùn tó wà lórí Ọ̀ ní ìlà kejì á lọ gbá àmì abẹ́ Ẹ ní ìlà àkọ́kọ́, méjèèjì á lẹ̀ pọ̀ di ẹ̀gbin kan. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n ṣí ìlà tó 10.5 tàbí 11, kí olóòtú sì gé ọ̀rọ̀ kù dípò kí wọ́n sọ lẹ́tà di wẹ́wẹ́. Ohun kan wà tó fún wa ní ìrọ̀rùn: ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú. Bàlúùnù ń fẹ́ ìlà kúkúrú lókè, gígùn láàárín, kúkúrú nísàlẹ̀, èdè wa sì rọrùn láti tò bẹ́ẹ̀ láìgé ọ̀rọ̀ kankan sí méjì.

Ìṣòro kejì wà nínú fọ́ǹtì fúnra rẹ̀. À, È, Ó, Ẹ, Ọ àti Ṣ, gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹ́, Ẹ̀, Ọ́ àti Ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì kan tó ń gùn ún ni wọ́n jẹ́, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì yẹn máa jókòó sí. Tí fọ́ǹtì kò bá mọ̀ ọ́n, àmì á yẹ̀ sápá ọ̀tún, tàbí kó jókòó sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí àpótí òfìfo hàn níbẹ̀. Tí ẹ bá sì rí i pé lẹ́tà tó ní àmì tín-ín-rín ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ kan náà, fọ́ǹtì yẹn kò ní in ni, kọ̀ǹpútà lọ yá a níbòmíì. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú èrò yín. Ẹni tó to lẹ́tà á mọ ohun tó máa tún ṣe lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan máa sọ pé kí a pa àmì tì. Nínú ìwé tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ Yorùbá kàn wà nínú rẹ̀, mo lè gbà. Iyanu tí Roye Okupe kọ, tí Godwin Akpan yà, tí Dark Horse gbé jáde ní 2021, kò fi àmì sí orúkọ Iyanu, ọmọbìnrin tó jẹ́ akọni rẹ̀, ẹni tó ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì kò sì pàdánù ìtàn. Ohun tó burú ni ìdajì: kí orúkọ kan ní àmì lójú ìwé 3, kó má ní in lójú ìwé 9. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ inú bàlúùnù bá jẹ́ Yorùbá, àmì ni ìtumọ̀. Ẹ fojú inú wo jagunjagun kan lójú ogun, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, tó pariwo pé "ỌKỌ MI DÀ?" Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí, ọkọ tó fẹ́ ẹ ló ń wá. ỌKỌ́ ni ti oko, ỌKỌ̀ ni èyí tí à ń wọ̀, Ọ̀KỌ̀ ni ohun ìjà.

Ẹ tún wo "o" àti "ẹ". Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìyàtọ̀ yìí, nítorí náà ẹni tó ń túmọ̀ lè jẹ́ kí ọmọdé sọ "o" fún Kábíyèsí láìmọ̀, tàbí kí ọ̀rẹ́ méjì máa pe ara wọn ní "ẹ" bí àna àti àna. Ẹ wo ariwo inú àwòrán náà. Èdè wa lọ́rọ̀ níbẹ̀ ju kí a máa kó ti Gẹ̀ẹ́sì wọlé lọ: GBÌ fún ohun tó wúwo tó já lulẹ̀, FÌRÌ fún ohun tó kọjá kí ojú tó mú un, ṢỌ̀Ọ̀RỌ̀ fún omi tó ń dà wálẹ̀. Tí wọ́n bá lò ó, ẹ yìn wọ́n, kí ẹ sì sọ ojú ìwé tó wà.

Gbogbo àṣìṣe lẹ́tà ló ṣì ní àtúnṣe, torí wọ́n á kó nọ́ńbà 1 sí 5 tàbí 6 pọ̀ di ìwé kan lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí olóòtú kí ọjọ́ yẹn tó pé, ìlà kan fún àṣìṣe kan, kó lè dà á sọ́wọ́ ẹni tó to lẹ́tà láìtún un kọ: "Ojú ìwé 14, àpótí 3, bàlúùnù 2. Ẹ kọ ỌKỌ MI DÀ. Jagunjagun tí ohun ìjà rẹ̀ sọnù ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀KỌ̀ MI DÀ ló yẹ kó jẹ́."